Ìkìbọn Ọdẹ: Ìlànà, Èdè àti Ìwúlò Rẹ̀ fún Olùkọ́ Yorùbá ní Erékùṣù Èkó

Ìfáárà

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kì í bá ìbọn pàdé nínú ìwé. Ó ń bá a pàdé nínú ìjálá àti ìrèmọ̀jé, nínú ìtàn ogun Kírìjì, àti nínú ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), níbi tí Àkàrà-Ògùn ti gbé ìbọn rẹ̀ wọ igbó. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí léèrè bí ọdẹ ṣe ń ki ìbọn rẹ̀, kí ni ó ń kọ́kọ́ dà sí i, kí ni ó ń gbẹ̀yìn, àti kí nìdí tí a fi ń pe iṣẹ́ náà ní kíkì, ìdákẹ́jẹ́ ni ìdáhùn. Ọmọ tí a bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó dàgbà láàárín Ìdúmọ̀tà àti Òkè Pópó, lè má tíì rí ìbọn kankan rí àyàfi èyí tí ó wà léjìká ọlọ́pàá. Olùkọ́ rẹ̀ náà lè má tíì rí i.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti ṣàlàyé ìkìbọn fún olùkọ́ àti fún ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. A kò kọ ọ́ láti sọ ẹnikẹ́ni di ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè lọ dán an wò nílé. Èrò wa ni pé ìkìbọn jẹ́ ìmọ̀ ìwọ̀n: ọdẹ tí kò bá mọ ìwọ̀n ni ìbọn rẹ̀ ń ṣe léṣe kí ó tó ṣe ẹran léṣe. Ìmọ̀ ìwọ̀n yìí ni èdè Yorùbá tọ́jú sínú ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ́ sọnù lẹ́nu wa. Bí olùkọ́ kò bá mọ ohun tí àwọn ọ̀rọ̀ náà dúró fún, kíkà lásán ni yóò máa ka ìjálá fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ìtumọ̀ Ìkìbọn

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni kì. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ní. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a ti nǹkan bọ inú ohun mìíràn kí ó sì há gádígádí. A máa ń ki tábà sínú ìkòkò tábà. A máa ń ki ènìyàn mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá dì í mú tí kò lè mira. Nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe yìí bá ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ a di ohùn àárín: ọdẹ ki ìbọn. Nígbà tí ó bá ṣáájú ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, ohùn ìsàlẹ̀ náà a padà: ọdẹ kì í. Òfin yìí kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú ka ìwé àti kà á. Olùkọ́ gírámà lè fi ìbọn kọ́ òfin ohùn bí ó ṣe ń fi ìwé kọ́ ọ.

A kò gbọdọ̀ da kì yìí pọ̀ mọ́ kí, tí ó ní ohùn òkè, tí í ṣe ìkíni. Ṣùgbọ́n kì mìíràn wà tí ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ rárá: èyí tí a fi ń ki ènìyàn tàbí ki orílẹ̀, tí ó bí oríkì. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń mú kí ìbọn dún, yìn, bá èyí tí a fi ń gbé ènìyàn ga dọ́gba ní ohùn. A ki ìbọn, a yin ìbọn. A ki ènìyàn, a yin ènìyàn. A kò sọ pé orísun kan náà ni wọ́n ní, nítorí ìjọra ohùn nìkan kò tó ẹ̀rí. Síbẹ̀, etí Yorùbá ń gbọ́ ìbáṣepọ̀ náà, àwọn oníjàálá sì mọ ọ̀nà tí a ń gbà fi irú ìjọra bẹ́ẹ̀ ṣeré. Olùkọ́ tí ó bá tọ́ka sí èyí ní kíláàsì yóò rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó dáadáa.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn ni ohùn ń yà sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀tù, èrò dúdú tí ó ń gbiná nínú ìbọn. Ẹ̀tù kan náà ni àwọn oníṣègùn ń pe oògùn tí a jó tí a sì lọ̀ kúnná. Kì í ṣe ẹtu, ẹran igbó tí ọdẹ ń pa. Kì í sì í ṣe ẹtù, tí í ṣe ẹyẹ àti aṣọ òkè aláró. Gbólóhùn kan bí “ọdẹ fi ẹ̀tù pa ẹtu, ó sì fi ẹtù bora” yóò fi hàn akẹ́kọ̀ọ́ pé àmì ohùn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Èkejì ni ọta, ohun líle tí ìbọn ń tì jáde. Ọ̀tá ni ẹni tí a ń bá jà. Ẹni tí ó bá kọ ọta ìbọn ní ọ̀tá ìbọn ti sọ ohun mìíràn.

Èkó gẹ́gẹ́ bí Ẹnu-Ọ̀nà Ìbọn

Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọdẹ jìnnà sí erékùṣù tí ilé ti bo ilẹ̀ rẹ̀ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn àwọn Àwórì, ọdẹ ni Olófin Ògúnfúnminíre, ẹni tí ó tẹ̀dó sí Ìṣẹ̀rì kí ó tó dé Ìddó. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ pé Ògún ni ó fún un ní ire. Láti ìran rẹ̀ ni Aròmirẹ́ ti wá, ẹni tí ó fi erékùṣù ṣe oko ata, níbi tí ààfin Ìga Ìdúngànràn wà títí di òní. Ní adúgbò Èkó náà, ọdẹ ni orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pe ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé lóru. Ẹran igbó ti lọ, ṣùgbọ́n orúkọ kò lọ.

Yàtọ̀ sí èyí, etí omi bí Èkó ni ọ̀pọ̀ ìbọn òyìnbó gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn oníṣòwò láti Yúróòpù ń kó ìbọn àti ẹ̀tù wá fi ṣe pàṣípààrọ̀, ní àkọ́kọ́ fún ẹrú, lẹ́yìn náà fún epo pupa. Ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn fún ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn oníṣòwò Dẹ́nímáàkì náà tà á tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń fi orúkọ ìlú wọn pe irú ìbọn tí àwa ń pè ní ṣakabùlà.

Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kọlu Ọba Kòsọ́kọ́ ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù Kejìlá ọdún 1851, ìbọn ni àwọn ará Èkó fi dá wọn lóhùn, Òṣòdì Tápà sì wà lára àwọn olórí ogun ọba. Ìró àgbá òyìnbó ni ó fi orúkọ lé ìjà náà: Ogun Àgídìngbì ni àwọn ará Èkó ń pè é, àwọn mìíràn sì ń pè é ní Ogun Àhóyáyà. Àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́ tí wọ́n bá a sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì padà sí erékùṣù ní 1862, ni adúgbò Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó fi jẹ́ orúkọ tí ó ń jẹ́.

Bákan náà ni ogun Kírìjì, tí ó parí pátápátá ní 1893, ṣe gba orúkọ rẹ̀ láti inú ìró ìbọn. Ọ̀nà tí a ń gbà ki ìbọn ṣe pàtàkì nínú ogun yìí. Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn ní, èyí tí a ń ki láti ẹnu, tí ọmọ-ogun sì ní láti dìde dúró kí ó tó lè kì í dáadáa. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń gbé ní Èkó ran Èkìtìparapọ̀ lọ́wọ́ láti rí ìbọn tuntun tí a ń ki láti ìdí. Ẹni tí ó bá mú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ dání lè dọ̀bálẹ̀ kí ó máa kì í, kí ó sì yìn ín lọ́pọ̀ ìgbà kí onísakabùlà tó yin ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ọta rẹ̀ kò ṣeé rọ lábúlé. Láti Èkó ni ó ti gbọ́dọ̀ wá. Onísakabùlà ní tirẹ̀ lè sọ èérún irin alágbẹ̀dẹ di ọta. Ìdí nìyí tí ìbọn àtijọ́ yìí fi wà lọ́wọ́ ọdẹ lẹ́yìn tí ayé ti kọjá lára rẹ̀ ní ìlú òyìnbó.

Òfin pẹ̀lú kópa. Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels tí ó dín gbígbé ìbọn wọ apá tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà kù. Ìbọn tí ó fàyè gbà ní gbogbogbòò fún ọjà ni èyí tí ó ń fi òkúta ṣáná, tí inú ọ̀pá rẹ̀ sì dán láìní ìlà, pẹ̀lú ẹ̀tù lásán. Ní kúkúrú, ṣakabùlà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ohun tí a ń pè ní ìbọn ìbílẹ̀ lónìí jẹ́ èyí tí àdéhùn òyìnbó bá wa yàn ní ìdajì.

Ẹ̀yà Ara Ìbọn Ṣakabùlà

Kí ìlànà ìkìbọn tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ ibi tí a ń kì àti ohun tí a fi ń kì í. Àwọn ohun tí ó ṣe kókó nìwọ̀nyí:

(i) Ọ̀pá ìbọn: irin gígùn tí ihò wà nínú rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni ihò náà là sí, ibẹ̀ ni ẹnu ìbọn. Ìdí rẹ̀ dí pa.

(ii) Ihò tín-ín-rín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ọ̀pá: ibẹ̀ ni iná ń gbà wọlé lọ bá ẹ̀tù.

(iii) Apátí: àkójọ irin tí ó di òkúta ìbọn mú. Bí ìka bá fa irin ìsàlẹ̀, apátí a já lulẹ̀, òkúta a ṣá irin, iná a sì bọ́ sórí ẹ̀tù díẹ̀ tí ó wà lẹ́nu ihò. Ní 1807, Alexander Forsyth, àlùfáà kan ní Scotland, gba ìwé ẹ̀rí fún ọ̀nà mìíràn tí a fi ń lu èròjà kan kí ó lè ṣáná. Láti inú èyí ni fìlà idẹ kékeré ti wá, tí ó gba ipò òkúta nínú ọ̀pọ̀ ìbọn.

(iv) Ìdí igi: ibi tí ọdẹ ń gbé ti èjìká.

(v) Ọ̀pá ìkìbọn: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń ti ẹrù ìbọn wọlé.

(vi) Àdó tàbí ató ẹ̀tù: akèrègbè kékeré tí kì í jẹ́ kí ẹ̀tù rin. Ọdẹ a tún ní ohun kékeré kan tí ó fi ń wọn ẹ̀tù.

Òwe kan wà tí ó rọ̀ mọ́ apátí: “Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun?” Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ apátí yóò há òwe yìí sórí láìmọ ẹwà rẹ̀. Ìbọn tí kò ní apátí kò lè dún. Síbẹ̀ òwe náà ní kí a má ṣe dúró níwájú rẹ̀. Òfin ààbò tí a ń kọ́ àwọn tí ó ń yìnbọn ní gbogbo àgbáyé lónìí, pé kí a ka gbogbo ìbọn sí èyí tí a ti kì, ni àwọn baba wa ti fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ.

Ìlànà Ìkìbọn àti Ìdí Rẹ̀

Lákọ̀ọ́kọ́, ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ìbọn ṣófo. Ó ń ti ọ̀pá ìkìbọn wọlé, ó sì ń wo ibi tí ó dé. Ọdẹ tí ó gbọ́n a ti fi àmì sára ọ̀pá náà: ibi kan fún ìbọn tí ó ṣófo, ibi kejì fún ìbọn tí ẹrù wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni yóò wọn ẹ̀tù, tí yóò sì dà á láti ẹnu ìbọn. Ẹ̀tù ni ó ń kọ́kọ́ wọlé nítorí pé ìdí ni iná yóò ti pàdé rẹ̀. Yóò wá ki àkísà tàbí èèpo igi rírọ̀ lé e, kí ẹ̀tù má baà tú, kí agbára rẹ̀ má sì gba ẹ̀gbẹ́ sálọ. Ọta ló kàn, yálà òjé tàbí irin wẹ́wẹ́. Yóò tún ki àkísà mìíràn lé ọta lórí kí ó má baà dà sílẹ̀ nígbà tí ọdẹ bá dorí ìbọn kodò. Yóò yọ ọ̀pá ìkìbọn kúrò. Ní ìgbẹ̀yìn pátápátá, nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó yìn ín, ni yóò tó fi ohun tí ó ń ṣáná sí i. Títí di ìgbà náà, ìbọn náà dà bí ilé tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ wà nínú kíkì náà gan-an. Bí ọta bá dúró ní agbedeméjì ọ̀pá, tí àlàfo sì wà láàárín òun àti ẹ̀tù, agbára iná yóò kó jọ sẹ́yìn ọta náà, ọ̀pá a sì lè wú tàbí kí ó bẹ́. Ó di dandan kí ẹrù há, kí ọta jókòó lé ẹ̀tù tímọ́tímọ́. Nítorí náà, èdè wa kò sọ pé ọdẹ da ìbọn tàbí pé ó bu ìbọn. Ó sọ pé ó ki ìbọn. Gbogbo ìkìlọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan.

Ohun Mẹ́ta tí ó Ń Ṣe Ọdẹ Léṣe

Èkíní ni àpọ̀jù. Ẹ̀tù tí ó bá ti kọjá ohun tí ọ̀pá lè gbà kì í sọ ìbọn di alágbára. Ó ń sọ ọ́ di ọ̀tá ẹni tí ó gbé e. Ọ̀pá tí alágbẹ̀dẹ rọ láti inú irin omi lásán kò tó ohun tí a ń fi dán an wò bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ìgbàgbé. Ọdẹ a ki ìbọn, ẹran a sá, òru a ṣú, òwúrọ̀ a mọ́, yóò sì tún ki òmíràn lé e. Ìpayà náà ń fa ìgbàgbé. Lẹ́yìn ogun Gettysburg ní Amẹ́ríkà ní oṣù Keje ọdún 1863, wọ́n ṣa ìbọn tí ó lé ní 27,000 ní ojú ogun náà. Ẹrù ṣì wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n sì ti kì lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìyìn ín rárá. Àwọn ológun tí a kọ́ níṣẹ́ nìyẹn. Àmì ara ọ̀pá ìkìbọn kì í ṣe ohun ọ̀lẹ.

Ẹ̀kẹta ni ìkánjú. Iná lè fara pamọ́ sínú ọ̀pá lẹ́yìn tí ìbọn bá ti dún. Ẹni tí ó bá da ẹ̀tù tuntun lé e lójú ẹsẹ̀, pàápàá láti inú àdó tí ó kún, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ewu. Bákan náà ni ìbọn tí ó kọ̀ tí kò dún: a kì í tètè yẹ ẹnu rẹ̀ wò, nítorí ó lè dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà inú igbó, bí ó bá pẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ìyà tí òwe yìí ń sọ ju ẹ̀gún àti òjò lọ.

Ìkìbọn ní Ayé Òde Òní

Ìbọn ọdẹ ti òde òní kì í gba ẹ̀tù láti ẹnu. Katíríìjì ni a ń fi sí i láti ìdí. Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú katíríìjì ìbọn onílà: àpò idẹ tí ó di gbogbo rẹ̀ mú, ohun kékeré ìdí rẹ̀ tí ó ń ṣáná, ẹ̀tù, àti ọta. Bí a bá wò ó dáadáa, ẹrù ṣakabùlà náà ni. Àpò idẹ ni a kàn fi gbé e sójú kan. Ìyàtọ̀ pàtàkì wà nínú ọ̀pá rẹ̀: a gbẹ́ ìlà lílọ́ sínú ọ̀pá ìbọn yìí kí ọta lè máa yí bí ó ṣe ń lọ, kí ó má sì yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí òfin ti fàyè gbà á, àwọn ọdẹ kan máa ń ṣa àpò idẹ tí wọ́n ti yìn, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ padà sí ìwọ̀n rẹ̀, wọn a sì fi ọwọ́ ara wọn kì í lákọ̀tun. Owó tí wọ́n ń ná a dínkù, ọta a sì bá ìbọn wọn mu ju èyí tí a rà lọ́jà lọ. Ohun tí a kọ́kọ́ ń sọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe irú ẹ̀rọ tí yóò rà. Wọn a ní kí ó ra ìwé ìwọ̀n tí àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀tù tẹ̀ jáde, kí ó kà á, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tí ó kéré jù nínú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi irú ẹ̀tù kan dípò òmíràn. Kò gbọdọ̀ gbé irú ẹ̀tù méjì sórí tábìlì kan. Kò gbọdọ̀ mu sìgá níbẹ̀ tàbí kí ó máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ó gbọ́dọ̀ tan iná wo inú gbogbo àpò idẹ kí ó tó fi ọta dé e, kí ó má baà jẹ́ pé ó ti da ẹ̀tù sí ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó sì gbọ́dọ̀ máa kọ gbogbo ohun tí ó ṣe sílẹ̀. Ẹni tí ó ti ka ìpín tí ó ṣáájú yóò rí i pé àpọ̀jù, ìgbàgbé àti ìkánjú náà ni wọ́n ń sá fún.

Wíwọ̀n àwọn wọ̀nyí kéré gan-an. Ìwọ̀n kan tí a fi hóró ọkà sọ lórúkọ ni wọ́n ń lò. 7,000 irú hóró bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀ ni irú ẹ̀tù tí wọ́n ń lò. Ní 1884, Paul Vieille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ẹ̀tù tí kì í yọ èéfín púpọ̀. Agbára rẹ̀ ju ti ẹ̀tù dúdú lọ ní ìlọ́po. Bí ènìyàn bá wọn irú ẹ̀tù yìí bí ẹni ń wọn ẹ̀tù dúdú, tí ó sì kì í sínú ṣakabùlà, ọ̀pá náà yóò bẹ́ mọ́ ọn lójú. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kì í ṣe ọ̀kan. Níbi tí ọ̀rọ̀ kan bá ń sin nǹkan méjì, ó yẹ kí olùkọ́ èdè fi àpèjúwe kún un: ẹ̀tù dúdú, ẹ̀tù aláìléèéfín.

Ohun tí Òfin Sọ

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni àwọn tí a kà léèwọ̀, bí àgbá, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́. Èkejì ni ìbọn tí ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ fún láti ní, bí irú àwọn ìbọn ọdẹ kan tí ń lo katíríìjì. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí a ń ki láti ẹnu. Abẹ́ ìpín yìí ni ṣakabùlà wà. Wíwà rẹ̀ nínú ìpín tirẹ̀ kò sọ ọ́ di ohun tí òfin kò mọ̀ sí. Òfin yìí kò sì fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti máa ṣe ìbọn tàbí ọta fúnra rẹ̀ láìgba àṣẹ. Òfin ohun abúgbàù ti ọdún 1964 tún de títọ́jú àti títa ẹ̀tù. Nítorí náà, ohun tí ọdẹ Amẹ́ríkà ń ṣe nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ọmọ Nàìjíríà tí kò gba àṣẹ.

Kò yẹ kí ará Ìsàlẹ̀ Èkó rò pé òfin yìí kò kan òun. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2012, báńgà ọdún tí wọ́n kó pamọ́ sí ilé kan ní agbègbè Jáńkárà bú gbàù. Ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ènìyàn fara pa, iná sì ran àwọn ilé tí ó wà nítòsí. Ìbátan ẹ̀tù ìbọn ni èròjà inú báńgà. Ilé tí ó fara kan ilé, tí ọ̀nà tóóró sì là wọ́n láàárín, kì í ṣe ibi tí a ń kó ẹ̀tù sí.

Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ọ ní Kíláàsì

Ìbéèrè tí ó kù ni bí olùkọ́ yóò ṣe kọ́ èyí láìgbé ìbọn tàbí ẹ̀tù wọ ilé-ìwé. Kò gbọdọ̀ gbé e wọ ibẹ̀ rárá. Àwọn àbá wa nìyí:

(i) Kí olùkọ́ ya àwòrán ṣakabùlà sórí pátákó, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí i.

(ii) Kí ó fi páálí tí a ká róbótó ṣe ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ là, tí ìdí rẹ̀ sì dí. Iyanrìn, àkísà àti ẹ̀wà lè dúró fún ẹ̀tù, ìdí àti ọta. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò wọ́n kò ní gbàgbé ìtumọ̀ kì mọ́. Kí àpẹẹrẹ náà má sì kọjá kíkì.

(iii) Kí ó fi kí, kì, yìn, ọta, ọ̀tá, ẹtu, ẹtù àti ẹ̀tù kọ́ àmì ohùn nínú gbólóhùn.

(iv) Kí ó fi Àgídìngbì àti Kírìjì kọ́ bí èdè ṣe ń fi ìró sọ nǹkan lórúkọ, kí ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, Òkè Pópó tàbí Ìta Fájì ohun tí wọ́n gbọ́ nípa ogun 1851.

(v) Ẹ̀yìn èyí ni kí ó tó ṣí ìwé ìjálá tàbí ìwé Fágúnwà. Iṣẹ́ tí Adébóyè Babalọ́lá ṣe lórí ìjálá (1966) fi hàn pé ayé ọdẹ ni ó gbé ewì náà ró. Ẹni tí kò mọ ayé náà kò lè ṣe àtúpalẹ̀ rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìkìbọn kì í ṣe iṣẹ́ agbára bí kò ṣe iṣẹ́ ìwọ̀n, àti pé ìwọ̀n náà wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe kì, nínú òwe apátí, àti nínú àmì ara ọ̀pá ìkìbọn. A tún ti rí i pé Èkó kì í ṣe àlejò nínú ìtàn yìí: ọdẹ ni ìtàn sọ pé ó ṣe baba ńlá rẹ̀, etí omi rẹ̀ ni ìbọn àti ẹ̀tù gbà wọlé, ìró ìbọn sì ni ó sọ ogun rẹ̀ lórúkọ.

Ṣakabùlà ń dínkù lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, a kò sì sọ pé kí a dá a padà. Ohun tí a ń bẹ̀rù ni pé kí ọ̀rọ̀ má bá a lọ. Lọ́jọ́ tí apátí bá di ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ń fò kọjá nínú òwe, ìkìlọ̀ inú òwe náà ti kú nìyẹn, bí a tilẹ̀ ṣì ń pa á. Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni láti rí i pé ọjọ́ náà kò dé.